Alágbàtọ́ Ni Agbẹjọ́rò, Kì Í Ṣe Alágbàtà: Àríwísí lórí Ìlànà Ìwà Iṣẹ́ Amòfin

Bí a bá ní kí a ṣe àríwísí ìwé nínú irú ìwé ọdọọdún bí èyí, ìtàn àròsọ, ewì tàbí eré-onítàn ni ọkàn wa máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Ṣùgbọ́n ìwé mìíràn wà tí kò ní àròsọ kankan nínú, tí ó sì ń pinnu bóyá ilé yóò dúró fún ẹni tí ó kọ́ ọ. Ọ̀kan nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ìlànà ìwà tí a ṣe fún àwọn agbẹjọ́rò ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọdún 2007. Òun ni ó darí iṣẹ́ náà títí di ìparí ọdún 2023. Ìlànà tuntun tí ó rọ́pò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024. Ti ọdún 2007 ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí pé lábẹ́ rẹ̀ ni a kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ilẹ̀ tí ó wà nínú àpótí àwọn ará Kétu, Ìkòsí àti Mile 12 lónìí, àti nítorí pé ìbéèrè tí mo ní fún un, a lè fi bi èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìbéèrè náà kò ṣòro. Nígbà tí ẹnì kan bá gbé ẹjọ́ rẹ̀ lé agbẹjọ́rò lọ́wọ́, ti ta ni ẹjọ́ náà láti ìgbà náà lọ?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wá ìdáhùn láti inú èdè wa. Orúkọ mẹ́ta ni a ń pe ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí. Lọ́yà ni ti ẹnu ọjà. Láti ọwọ́ àwọn Òyìnbó ni a ti yá a, kò sì sọ ohunkóhun fún wa ju pé iṣẹ́ náà wà. Amòfin ni èkejì; ó ń sọ ohun tí ẹni náà mọ̀, kò sọ ohun tí ó ń fi ìmọ̀ náà ṣe. Ẹ̀kẹta, agbẹjọ́rò, ni ó kún jù. Ẹni tí ó gba ẹjọ́ rò ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe gbà tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú ètò iṣẹ́ àwọn Yorùbá. Alágbàfọ̀ gba aṣọ fọ̀. Aṣọ náà kò di tirẹ̀. Alágbàro gba oko ro; ẹ̀gúsí inú oko kì í ṣe tirẹ̀. Alágbàtọ́ gba ọmọ tọ́. Ní ọjọ́ tí àwọn òbí bá dé, yóò dá ọmọ padà, yóò sì sọ fún wọn bí ọmọ náà ti ṣe ní ọwọ́ òun. Nínú gbogbo wọn, owó iṣẹ́ ni ti ẹni tí ó gbà, nǹkan tí ó gbà kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹnì kan ni ó yàtọ̀ nínú ìdílé ọ̀rọ̀ yìí, òun ni alágbàtà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dé ọjà Mile 12 ní ìdájí, nígbà tí àwọn ọkọ̀ tòmátì àti ata bá ti Òkè Ọya dé, ti mọ alágbàtà. Ó gba ọjà tà. Èrè tí ó wà láàárín iye tí ó gbà á àti iye tí ó tà á ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó jẹ ní gbèsè àlàyé. Iṣẹ́ tí ó mọ́ ni, bí ó bá jẹ́ ti tòmátì. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ mú ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: ìlànà ọdún 2007 ka agbẹjọ́rò sí alágbàtọ́, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó fi àlàfo kan sílẹ̀, àlàfo náà ni èdè tí a ó fi ṣe àlàyé fún ẹlẹ́jọ́, láti ibẹ̀ sì ni alágbàtà ti ń ráyè wọlé.

Kí a tó ṣí ìwé náà, ó yẹ kí a rántí bí iṣẹ́ yìí ti ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ayé àtijọ́, ẹlẹ́jọ́ ni ó máa ń fi ẹnu ara rẹ̀ rojọ́ níwájú baálẹ̀ tàbí ọba, ní èdè tí gbogbo àwùjọ gbọ́. Ilé-ẹjọ́ ìjọba amúnisìn ni ó mú èdè mìíràn wọ ààrin ẹlẹ́jọ́ àti adájọ́. Nígbà tí Òfin Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti ọdún 1876 jáde fún Gold Coast àti Èkó, àwọn tí wọ́n kọ́ ìmọ̀ òfin kò pọ̀ tó, a sì gba àwọn kan tí kò kọ́ ọ yanjú láàyè láti máa rojọ́ fún ènìyàn, bí wọ́n bá sáà ti mọ̀wé díẹ̀. Christopher Alexander Sapara Williams, ọmọ tí ìran rẹ̀ ṣẹ̀ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí ó di agbẹjọ́rò ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1879, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1888, ni a kà sí ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ó kọ́ṣẹ́ náà yanjú. Láti ìgbà náà títí di òní, ohun tí agbẹjọ́rò ní tí ẹlẹ́jọ́ kò ní kì í ṣe ìmọ̀ òfin nìkan. Ó ní èdè tí a fi kọ òfin náà. Ẹni tí ó bá ní èdè tí ẹnìkejì kò ní, ó ní agbára lórí rẹ̀. Agbára yìí ni ìlànà ìwà wà láti fi ìjánu sí.

Ìlànà kẹrìnlá ni ọkàn ìwé náà. Ó ní kí agbẹjọ́rò fi ọ̀rọ̀ lọ oníbàárà rẹ̀ lórí ohun tí kò bá dá a lójú. Kí ó máa jẹ́ kí ó mọ ibi tí ọ̀ràn dé. Kí ó kìlọ̀ fún un nípa ewu tí ó lè ti inú rẹ̀ wá. Kí ó tètè dá a lóhùn bí ó bá béèrè. Bí ó bá sì rí i pé ẹjọ́ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kí ó sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ìlànà kẹrìndínlógún ní kí ó má ṣe dá nìkan dáwọ́ lé iṣẹ́ tí ó mọ̀ pé apá òun kò ká; kí ó má ṣe ṣe iṣẹ́ láìmúra; kí ó má sì ṣe pa ọ̀ràn tí a gbé fún un tì. Ìlànà kẹtàdínlógún kò fẹ́ kí ó máa sin ọ̀gá méjì tí ire wọn tako ara wọn. Ìlànà kẹtàlélógún ní kí ó má ṣe da owó oníbàárà pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí a rán níṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n àti iyì ara rẹ̀ kún iṣẹ́ náà. A kò ní kí ó gbé iṣẹ́ náà sá lọ.

Ibi tí ìwé náà ti kọ́kọ́ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn ni ibi tí ó ti ń sọ̀rọ̀ nípa àìbìkítà. Ó ní àìbìkítà nínú ọ̀ràn oníbàárà lè rí bẹ́ẹ̀ tí yóò fi di ìwà àìtọ́ nínú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kékeré náà, lè, ni kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè fi ojú sí. Mo gbà pé àṣìṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò sì sí oníṣẹ́-ọwọ́ tí kì í ba nǹkan jẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín gbẹ́nàgbẹ́nà tí ayùn yẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ àti èyí tí ó gba owó pákó tán tí a kò rí i mọ́. Bí a bá ka ìlànà kẹrìnlá pọ̀ mọ́ ìkẹrìndínlógún, a ó rí òjìji ìyàtọ̀ yìí. Ìwé náà ìbá ti sọ ọ́ síta gbangba kí olùkà má ṣe máa fi ọwọ́ wá a.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ìwé náà lọ sí Kòsọ́fẹ́ nísinsìnyí, kí a wò ó bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 665,393 ní ìjọba ìbílẹ̀ náà. Àwọn ìdílé onílẹ̀ ta ilẹ̀ fún àlejò, àlejò tún un tà fún ẹlòmíràn. Láti ọdún 1978 ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà, tí a kò sì gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ rẹ̀. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, Ilé-Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ fi hàn bí ọ̀rọ̀ yìí ti le tó: ìwé tí a fi fi ilé dógò láìgba àṣẹ gómìnà di òfo, báńkì sì pàdánù ohun tí ó fi di owó rẹ̀ mú. Bí báńkì bá lè ṣubú báyìí, kí ni kí a retí lọ́dọ̀ aláta? Òfin Àwọn Agbẹjọ́rò fúnra rẹ̀ kò sì gbà kí ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò máa gba owó kọ ìwé tí ó ń gbé ilẹ̀ láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Àwọn agbẹjọ́rò ni òfin gbé oko yìí fún láti ro. Bí igbó bá bò ó, àwọn ni a ó bi.

Ká sọ pé obìnrin kan tí ń ta ata ní Mile 12 kó owó àjọ rẹ̀ jọ, ó sì fẹ́ ra ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì ní Ìkòsí. Àwọn tí ń tà á fi agbẹjọ́rò wọn hàn án, wọ́n ní òun náà ni yóò ṣe tirẹ̀ pọ̀ kí owó má baà pọ̀ jù. Agbẹjọ́rò tí ó mọ ara rẹ̀ ní alágbàtọ́ yóò wí fún un pé, "Ìyá, ti àwọn tí ń tà ni mò ń ṣe, ẹ lọ wá ẹni tí yóò ṣe tiyín." Èyí tí obìnrin náà bá wá yóò lọ sí ibi tí a ń kó ìwé ilẹ̀ pamọ́ sí ní Aláùsá, láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà ti ní olówó mìíràn. Yóò yẹ ìwé àwòrán ilẹ̀ náà wò lọ́dọ̀ àwọn awọnlẹ̀ ìjọba, láti mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Yóò béèrè olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí, nítorí pé láti ìgbà ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 ni ó ti dájú pé ilẹ̀ ẹbí tí a tà láìsí olórí ẹbí, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá sì dá tà á láìfi lọ àwọn àgbà ẹbí yòókù, wọ́n lè gbà á padà. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ iye tí àṣẹ gómìnà yóò ná an àti ìgbà tí yóò gbà. Alágbàtà kò níí ṣe ọ̀kan nínú gbogbo èyí. Yóò tẹ ìwé, yóò fi èdìdì rẹ̀ lù ú, yóò sì gba owó lọ́tùn-ún lósì.

Ìjọba Èkó rí irú èyí. Òfin Ìdáàbòbò Ohun-ìní tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2016 fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá dẹ́rù ba ẹni tí ó bá fi ipá gba ilẹ̀ onílẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ ni gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé ó ń bá wí. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú rẹ̀ tí a kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó: amọṣẹ́dunjú tí ó bá bá wọn ṣe àdéhùn ilẹ̀ ní ọ̀nà tí ó lòdì sí òfin, kí a fi í sùn níwájú ẹgbẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe òfin náà mọ̀ pé ẹni tí ó gbé àdá wá sórí ilẹ̀ kì í sábà dá wá; ẹnì kan ti bá a kọ ìwé.

Ṣùgbọ́n ká ní agbẹjọ́rò obìnrin yìí ṣe gbogbo ohun tí ó yẹ. Ìwé dé, ojú-ewé mẹ́jọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, a sì ní kí ó tẹ ìka. Àlàfo tí mo sọ ní ìṣáájú nìyí. Ìlànà kẹrìnlá ní kí oníbàárà mọ ohun tí ń lọ; kò sọ èdè tí yóò fi mọ̀ ọ́n. Ó sì yani lẹ́nu, nítorí pé òfin tí ó ti pẹ́ jù ú lọ ti rí ewu yìí. Òfin Ìdáàbòbò Àwọn Tí Kò Mọ̀wé, tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1915, ní kí ẹni tí ó bá bá aláìmọ̀wé kọ ìwé fi orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i. Orúkọ náà sì jẹ́ ẹ̀rí pé ohun tí a rán an ni ó kọ, pé ó ka ìwé náà, ó sì ṣe àlàyé rẹ̀ fún oníǹkan kí oníǹkan tó fọwọ́ sí i. Àwọn akọ̀wé tí ń fi lẹ́tà kíkọ jẹun ni a rò pé ó yẹ kí a fi òfin bẹ́ẹ̀ mú. Bí ó bá tọ́ fún akọ̀wé abẹ́ igi, báwo ni kò ṣe níí sí nínú ìlànà ìwà ẹni tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ òfin?

Àwọn kan yóò ní, "A kà á fún un." Èdè wa kò gba èyí lọ́wọ́ wọn. Nínú gírámà Yorùbá, a kì í sọ pé obìnrin náà yé ìwé. Ìwé ni ó ń yé obìnrin náà. Nǹkan ni olùwà, ènìyàn ni àbọ̀. Ohun tí a sọ ni ó gbọ́dọ̀ rìn lọ bá ẹni tí a sọ ọ́ fún. Bí kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tí ó jókòó dè é. Ẹni tí ó ka Gẹ̀ẹ́sì sétí aláta ti kàwé ní tòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì ṣe àlàyé.

Kì í ṣe ọjọ́ ìfọwọ́síwèé nìkan ni àlàyé yìí sì wà fún. Ẹ wo ẹjọ́ Ṣángíṣà, ní Kòsọ́fẹ́ kan náà. Láàárín 1984 àti 1985 ni ìjọba Èkó wó ilé àwọn ènìyàn níbẹ̀. Àwọn onílé gbé ìjọba lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ní Ìkẹjà ní 1988, wọ́n sì jàre ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kejìlá 1993. Ìjọba pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn títí ó fi dé Ilé-Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ, tí ó fi òǹtẹ̀ lù ú ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì 2012 pé kí a fún wọn ní púlọ́ọ̀tì 549. Síbẹ̀síbẹ̀, ní oṣù kìíní 2022, àwọn ọlọ́pàá ṣì wà ní Magodo lórí ìdájọ́ kan náà, tí gómìnà fi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá wọn níbẹ̀.

N kò mẹ́nu kan ẹjọ́ yìí láti bá agbẹjọ́rò kankan wí. Gígùn rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a rí. Láti 1988 sí 2012 jẹ́ ọdún mẹ́rìnlélógún. Nínú irú àkókò bẹ́ẹ̀, ìgbà mélòó ni ẹlẹ́jọ́ yóò fojú kan adájọ́? Agbẹjọ́rò rẹ̀ ni ilé-ẹjọ́ tí ó mọ̀. Bí ìdájọ́ ìkẹyìn ti ilé-ẹjọ́ gíga lórí ọ̀ràn ilẹ̀ kò bá tẹ́ ènìyàn lọ́rùn, oṣù mẹ́ta ni òfin fún un láti gbé e lọ síwájú. Bí agbẹjọ́rò bá fi ìdájọ́ náà sínú àpótí tí kò sọ fún un títí oṣù kẹrin fi wọlé, ẹ̀tọ́ ti di ẹ̀bẹ̀. Kò jí kọ́bọ̀, kò purọ́, ó kàn dákẹ́ ni. Ìdákẹ́ náà sì ti jẹ ilẹ̀.

Àwọn agbẹjọ́rò ní ìdáhùn, agbẹjọ́ ẹnìkan dá sì ni àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tiwọn. Wọ́n ní oníbàárà máa ń fi òtítọ́ pamọ́. Ó máa ń ná owó iṣẹ́ bí ẹni ń ná agbọ̀n tòmátì. Ó máa ń kọ̀ láti san owó àyẹ̀wò ní Aláùsá, kí ó tó padà wá bínú pé a kò ṣe àyẹ̀wò. Òtítọ́ ni. Wọ́n tún ní agbẹjọ́rò kì í ṣe ìránṣẹ́ oníbàárà nìkan, pé ó ní ojúṣe sí ilé-ẹjọ́, kò sì gbọ́dọ̀ parọ́ fún adájọ́ nítorí ẹni tí ó san owó fún un. Òtítọ́ ni èyí pẹ̀lú, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí òfin fi dáàbò bò ó. Abala kẹsàn-án Òfin Àwọn Agbẹjọ́rò ní a lè pe agbẹjọ́rò lẹ́jọ́ bí àìbìkítà rẹ̀ bá pa oníbàárà lára, àdéhùn tí ó bá sì fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú èyí, òfo ni, àyàfi bí ó bá ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ó dá ààbò sí fún ohun tí ó bá ṣe nígbà tí ó ń rojọ́ níwájú ilé-ẹjọ́. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti mú ààbò yìí. Àwọn adájọ́ àgbà ibẹ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Rondel àti Worsley ní 1967, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn fà á tu ní ọdún 2000 nínú ẹjọ́ Hall àti Simons. Òfin tiwa ṣì dì í mú. N kò rò pé ibẹ̀ ni ìnira àwọn ará Kétu wà. Ohun tí a sọ níwájú adájọ́, gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ. Èyí tí a kò sọ nínú ọ́fíìsì ni ó ń ba ilé jẹ́, ààbò náà kò sì bo ti ọ́fíìsì.

Ó ku ibi tí ẹni tí a ṣẹ̀ yóò gbé ẹ̀sùn lọ. Ìgbìmọ̀ tí ń bá àwọn agbẹjọ́rò wí lágbára: ó lè yọ orúkọ agbẹjọ́rò kúrò nínú ìwé iṣẹ́, ó lè dá a dúró fún ìgbà kan, ó lè kìlọ̀ fún un, ó sì lè ní kí ó dá owó tàbí ìwé padà. A kò gbọ́dọ̀ fi agbára bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ní 1985, nígbà tí ìgbìmọ̀ náà fẹ́ gbọ́ ẹ̀sùn pé Gani Fáwẹ̀hìnmi polówó ara rẹ̀, Ilé-Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ dá Fáwẹ̀hìnmi láre, nítorí pé ètò ìgbìmọ̀ náà kò jẹ́ kí ọkàn balẹ̀ pé kò níí sí ojúsàájú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti ṣọ́ ẹ̀tọ́ ẹni tí a fẹ̀sùn kàn, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a ro ti ẹni tí ó fẹ́ fẹ̀sùn kan ènìyàn. Àbújá ni ìgbìmọ̀ náà ń jókòó sí. Ìwé ni a fi ń gbé ẹ̀sùn dé ibẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì ni èdè ìwé náà. Obìnrin tí agbẹjọ́rò ṣẹ̀ ní láti wá agbẹjọ́rò mìíràn kí ó tó lè sọ pé a ṣẹ̀ òun.

Níbí ni ọ̀ràn náà ti kan àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá tí a sì ń fi kọ́ni. A kò lè tún òfin ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ èdè ni a ń ṣe, èdè ni àlàfo náà sì wà. Àwọn ojúṣe márùn-ún tí ó wà nínú ìlànà kẹrìnlá kò gba ju ojú-ewé kan lọ ní Yorùbá tí ó yéni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lè túmọ̀ wọn. Àwọn amòfin tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa lè yẹ ìtumọ̀ náà wò. Àwọn olùkọ́ ilé-ìwé ní Kétu àti Ògùdù, tí àwọn òbí ọmọ máa ń gbé ìwé tọ̀ wá pé kí wọ́n bá wọn kà á, lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ ìka lórí ìwé yóò lè béèrè pé: ti ta ni ẹ ń ṣe, tèmi tàbí tiwọn? Kí ni ẹ rí ní Aláùsá? Kí ni ìwé yìí wí, ní Yorùbá? Agbẹjọ́rò rere kò níí bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí, nítorí pé alágbàtọ́ kì í bínú bí ìyá ọmọ bá béèrè ọmọ rẹ̀.